Ṣé ojú oró àti òṣíbàtà tó bo omi ní Ìwòpin ṣeé jẹ?

Òṣíbàtà ṣeé jẹ. Ẹ má fi ojú oró kan ẹnu: èròjà kan tó ń jẹ́ oxalate, tó wà nínú ewé rẹ̀, rí bí abẹ́rẹ́ wínníwínní, ó sì ń ta èèyàn lọ́fun.

Tí èso òṣíbàtà bá ti gbó, ẹ fọ hóró inú rẹ̀, ẹ sá a gbẹ, ẹ yan án, kí ẹ wá lọ̀ ọ́ kúnná. Gbòǹgbò rẹ̀ tó ta, ẹ bó o, ẹ sè é títí yóò fi rọ̀, ẹ sì da omi rẹ̀ nù.

Ibi tí ẹ ti já a ló ṣe pàtàkì jù. Ewéko omi máa ń fa òjé àti cadmium (irin olóró kan) mọ́ra, pàápàá water hyacinth, èyí tó ń léfòó, tó sì ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò. Kò sí iye ìgbà tí ẹ lè sè é tí òjé yóò fi kúrò. Nítorí náà, ẹ yẹra fún ìsàlẹ̀ gọ́tà, ààtàn àti ibi tí mẹkáníìkì ń da ọ́ìlì sí. Ẹ má jẹ ewé omi kankan ní tútù, torí ẹyin aràn lè lẹ̀ mọ́ ọn; iyọ̀ nìkan kò pa á, àfi kó hó dáadáa. Ẹ wọ bàtà òjò tí ẹ bá ń wọ odò, torí awọ ara ni kòkòrò ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ń gbà wọlé.

Èyí tó ní ìrètí jù lójú mi ni duckweed, ewé kíún tó ń léfòó, tí wọ́n ń jẹ irú rẹ̀ kan ní Thailand. Nínú 100 gíráàmù rẹ̀ tó gbẹ, purotéènì lè tó 20 sí 45. Ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: kílò kan tútù kì í sábà ju 80 gíráàmù lọ tó bá gbẹ. Inú táǹkì omi mímọ́ ni kí ẹ ti gbìn ín, ẹ má lọ bù ú lódò.