Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Mo ń tajà láwìn, ṣé mo lè fowó lé e, kí n tún gba owó ìdádúró?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékùm Àáfà wa. Mo ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà, òróró àti provision lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé kan ní Òṣogbo níbí. Àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ nínú oníbàárà mi, wọ́n á kó ọjà láàárín oṣù, wọ́n á ní táwọn bá ti rí alẹ́ẹ̀tì àwọn máa san. Tí mi ò bá tà á láwìn ọjà ò ní tà, tí mo bá sì tà á owó mi á há síta. Mo wá ṣòfin pé ẹni tó bá máa sanwó lójú ẹsẹ̀, iye kan, ẹni tó bá máa rà á láwìn, ó máa fi nǹkan lé e, tó bá wá kọjá ọjọ́ tó dá, ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi ní èlé ni gbogbo ẹ̀. Àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé kí wọ́n tó san, ìrẹsì á ti gbówó lórí, owó tí wọ́n mú wá ò ní ra iye tí wọ́n kó mọ́, ṣé mo lè gba iye tòní? Ẹnì kan tún wà tó ń sá fún mi, ọmọ mi ní ká gbé fọ́tò ẹ̀ sórí státọ́ọ̀sì WhatsApp. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ, mi ò fẹ́ jẹ háràámù.

ÌDÁHÙN: Wà àlékùmù sàlámù, ìyá wa. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ọjà yín, kó sì san ọkọ yín lẹ́san rere, torí ẹni tó ń bẹ̀rù kí èlé má wọlé òun, ó yẹ ká gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Àmọ́ òfin tẹ́ ẹ ṣe yẹn, ohun méjì tó yàtọ̀ síra ló wà nínú ẹ̀, ìkan hàláàlì ni, ìkan kejì ni háràámù, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi rú ọkọ yín lójú.

Àwìn fúnra ẹ̀ ò ní wàhálà kankan nínú ẹ̀sìn wa. Ìyá wa Áíṣà, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, sọ pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ra oúnjẹ láwìn lọ́wọ́ Júù kan, ó sì fi ẹ̀wù irin tó fi ń jagun ṣe ìdógò fún un, ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim, kódà nígbà tó fi máa fayé sílẹ̀, ẹ̀wù ogun náà ṣì wà ní ìdógò lọ́wọ́ Júù nítorí ọkà báálì òṣùwọ̀n sáà 30.

Iye méjì tẹ́ ẹ dá, ti ojú ẹsẹ̀ àti ti àwìn, hàláàlì nìyẹn. Mázíhábì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ọ̀nà mẹ́rin táwọn onímọ̀ gbà ń ṣàlàyé òfin ẹ̀sìn, ló gbà á, títí kan ti Màlíkí tí à ń tẹ̀lé nílẹ̀ Yorùbá níbí, àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn tó pàdé ní Jeddah ní Saudi Arabia lọ́dún 1990 náà sì fẹnu kò sí i pé olùtajà lè gba owó tó ju ti ojú ẹsẹ̀ lọ tó bá jẹ́ àwìn. Ohun tí Ànábì kọ̀ ni kéèyàn ta ọjà kan lọ́nà méjì pa pọ̀, báwọn onímọ̀ tó pọ̀ sì ṣe túmọ̀ ẹ̀ ni pé ẹ ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ láìyanjú. Ká ní ẹ sọ pé àpò ìrẹsì ẹgbẹ̀rún 80 lójú ẹsẹ̀, ẹgbẹ̀rún 85 láwìn, tíṣà wá gbé àpò lọ, kò sọ èyí tó mú, ẹ̀yin náà ò bi í, ìyẹn ò dáa. Kó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé ti àwìn lòun mú, ẹgbẹ̀rún 85, òun máa san lọ́jọ́ báyìí, kó tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Látìgbà yẹn ẹgbẹ̀rún 85 ti di gbèsè, náírà kan ò lè gorí ẹ̀ mọ́ títí ayé.

Ibi tọ́rọ̀ ẹgbẹ̀rún kan lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti bà jẹ́ nìyẹn. Ìyá wa, èlé gan-an nìyẹn, òun làwọn ará ayé àìmọ̀kan ń ṣe kí Ìsìláàmù tó dé, tí ọjọ́ gbèsè bá ti pé wọ́n á lọ bá onígbèsè wọ́n á ní, ṣé wàá san ni àbí wàá fi nǹkan lé e. Ẹ lè pè é ní fáìnì, ẹ lè pè é ní owó ìdádúró, oníbàárà lè buwọ́ lùwé pé òun gbà, kò yí nǹkan kan padà, tó bá tiẹ̀ jẹ́ 50 náírà. Ẹnì kan á ní ṣebí ìkíní náà fi owó lé owó, kí wá ni ìyàtọ̀? Ọ̀rọ̀ táwọn kan sọ náà nìyẹn tí Ọlọ́hun fi dá wọn lóhùn nínú Súrà Baqara áyà 275 pé Òun ṣe òwò ní hàláàlì, Òun sì ṣe èlé ní háràámù. Ẹgbẹ̀rún 5 tẹ́ ẹ fi lé ìrẹsì, orí ọjà ló wà, ẹ ṣì ń nájà ni, oníbàárà lè ní òun ò rà mọ́ kó máa lọ. Ẹgbẹ̀rún kan tẹ́ ẹ̀ ń gbà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, orí gbèsè ló wà, ẹ ò ta nǹkan kan fún un, ọjọ́ lẹ̀ ń tà fún un.

Ó dáa, kí lẹ wá lè ṣe kí owó má há? Ẹ̀sìn ò ní kẹ́ ẹ jókòó kí wọ́n máa jẹ yín run. Tó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló fẹ́ máa san án, ẹ lè bá a ṣàdéhùn látìbẹ̀rẹ̀ pé tó bá fo ẹ̀ẹ̀kan, gbogbo ìyókù ti pé lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn, àwọn onímọ̀ Jeddah yẹn náà gbà á, torí ẹ ò fi kún gbèsè, ọjọ́ lẹ fà sún mọ́. Ẹ lè dá iye tí àwìn ẹnì kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ kọjá, ẹ lè ní ẹni tí kò bá tíì san tàtijọ́ kò ní kó tuntun. Ẹ ò jẹ̀bi tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò ta àwìn fún ẹnì kan, ẹ má jẹ́ kí ojú máa tì yín.

Ẹ lè béèrè onídùúró. Wọ́n gbé òkú kan wá síwájú Ànábì kó kírun sí i lára, ó bi wọ́n bóyá ó jẹ gbèsè, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní kí wọ́n lọ kírun sí ará wọn lára, àfìgbà tí Abu Qatada, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ní gbèsè ẹ̀ di ọrùn òun ló tó kírun sí i. Torí náà tí tíṣà kan bá ní òun dúró fún ìkejì, ẹ jẹ́ kó yé e pé ọrùn ẹ̀ ló wà o, kì í ṣe pé ó kàn wá bá yín kí ara. Ẹ sì lè gba ìdógò, àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ máa lò ó, fóònù tó bá fi sílẹ̀ ẹ má fi pe ẹnikẹ́ni. Nílé wa níbí a mọ àwọn tó ń yáni lówó tí wọ́n á gba oko kòkó, wọ́n á máa ká kòkó lọ́dọọdún, owó tí wọ́n yáni ò sì ní dín, èlé ni gbogbo kòkó yẹn. Ìyá wa, mo tún bẹ̀ yín, ẹ má gba káàdì ATM òṣìṣẹ́ kankan ṣe ìdógò bí mo ṣe ń gbọ́ pé wọ́n ń ṣe, owó ẹlòmíì àti PIN ẹ̀ á wà lọ́wọ́ yín, lọ́jọ́ tí nǹkan bá sọnù níbẹ̀, kí lẹ fẹ́ sọ?

Ọ̀rọ̀ owó tó ń dínyì, mo mọ̀ pé òun ló ń dun ẹ̀yin ọlọ́jà jù, pàápàá látìgbà tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù kẹfà 2023. Àmọ́ ẹ ò lè gba iye tòní. Ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Kuwait lọ́dún 1988 ti wo ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní iye tí gbèsè jẹ́ ni wọ́n máa san, wọn ò ní so ó mọ́ bí ọjà ṣe ń gbówó lórí. Ẹ ro ó wò ná, tí ìrẹsì bá já wálẹ̀, ṣé ẹ máa gbà kí wọ́n san iye tó kéré? Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń dá iye àwìn ni kẹ́ ẹ ti ro ìyẹn mọ́ ọn, kí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dá sì má jìn, ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, kì í ṣe oṣù mẹ́ta. Ẹ lè ní kóńgò lẹ máa ta láwìn, pé gbogbo àpò, owó lọ́wọ́ ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ ran ará àdúgbò lọ́wọ́, ẹ yá a ní kóńgò ìrẹsì kó dá irú ẹ̀ padà ní kóńgò kan náà, ó tọ́, àmọ́ èrè ò sí níbẹ̀, làádá lẹ máa gbà.

Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò lè sọ èyí tó. Áyà tó gùn jù nínú Àlùkùrání, Súrà Baqara áyà 282, orí gbèsè kíkọ ló dá lé, Ọlọ́hun ní kó má sú wa láti kọ ọ́, ó kéré ni o, ó pọ̀ ni o, títí dé ọjọ́ tó máa san, ó sì ní ẹni tó jẹ gbèsè ni kó pe ọ̀rọ̀ náà fún akọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sí yín lórí WhatsApp, èmi báyìí ra ọjà báyìí, iye báyìí, mo máa san lọ́jọ́ báyìí. "Tí mo bá ti rí alẹ́ẹ̀tì" kì í ṣe ọjọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ọ̀ṣun náà rántí àsìkò tí ìjọba ń san ààbọ̀ owó oṣù fún òṣìṣẹ́ láàárín 2015 sí 2018, àwọn tó sọ pé táwọn bá ti gbowó, ìgbà wo lowó tó pé? Ẹ dá ọjọ́ gidi.

Ẹni tó ń sá fún yín ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ó ní àbí kò ní. Tí kò bá ní, Ọlọ́hun ní Súrà Baqara áyà 280 ní kẹ́ ẹ dúró dè é títí tó fi máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn, dandan ni, tẹ́ ẹ bá sì fi ta á lọ́rẹ ó dáa jù fún yín. Ànábì sọ ìtàn ọlọ́jà kan tó ń tà láwìn, tó bá rí ẹni tí nǹkan le fún, á ní káwọn ọmọọṣẹ́ òun fojú fò ó, bóyá Ọlọ́hun á fojú fo tòun náà, Ọlọ́hun sì fojú fò ó. (Èyí tẹ́ ẹ bá fi ta wọ́n lọ́rẹ báyìí, sàdáákà ni, ẹ má kà á mọ́ sàká yín.) Àmọ́ ẹni tó ní tó ń dọ́gbọ́n, Ànábì ní àbòsí ni, ẹ lè sọ fún ọ̀gá ẹ̀, fún ìmáàmù àdúgbò, ẹ lè gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù, ẹ lè sọ lójú ẹ̀ pé ìwọ ń fi ẹ̀tọ́ mi falẹ̀. Fọ́tò orí státọ́ọ̀sì ò sí nínú ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ ẹ̀ tí wọn ò jẹ yín ní kọ́bọ̀ á rí i, àwọn tó máa rí i á fi èébú lé e, ẹ̀ṣẹ̀ yẹn á sì wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ sọ fọ́mọ yín kó má ṣe é.

Ó ku àwọn ẹgbẹ̀rún kan kan tẹ́ ẹ ti gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣí ìwé yín, ẹ wo àwọn tẹ́ ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ dá a padà fún wọn, ẹni tó bá ṣì jẹ yín, ẹ yọ ọ́ nínú gbèsè ẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó mọ̀. Ẹni tẹ́ ẹ bá wá a tí ẹ ò rí i mọ́, ẹ fún aláìní ní iye yẹn lórúkọ ẹ̀. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.