Èsì: Ṣé kí ọkọ mi máa lo fítámì kí a tó ṣe IVF?
Ẹ kú sùúrù o, àǹtí. Ẹ bèèrè bóyá kí ọkọ yín máa da fítámì C, E àti síńkì pọ̀ lò kí ẹ tó ṣe IVF, ìyẹn kí wọ́n so ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ ní láàbù. Èmi ò ní sáré rà á.

Lóòótọ́, àwọn èròjà ọ́síjìn tí wọ́n ń pè ní free radical máa ń ba àtọ̀ jẹ́, torí ọ̀rá tó bo ara rẹ̀ tètè ń bàjẹ́; àwọn èròjà yìí ni fítámì wọ̀nyí ń gbógun tì. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ nìyí: àtọ̀ nílò díẹ̀ nínú èròjà yìí kan náà kí ó tó lè wọ inú ẹyin. Ẹ ò ní fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020. Nínú ọkùnrin 2,370, àwọn kan lo folic acid (irú fítámì B kan) mílígíráàmù 5 pẹ̀lú síńkì mílígíráàmù 30 lójoojúmọ́ fún oṣù 6; àwọn yòókù lo oògùn òfìfo, tí kò ní èròjà kankan nínú. Iye ọmọ tí wọ́n bí kò yàtọ̀. Inú rírun ló pọ̀ sí i lára àwọn tó lo ojúlówó!

Èmi á kúkú bi láàbù pé: ẹ̀rọ tí ẹ ń tọ́ ọlẹ̀ (ẹyin tó ti gba àtọ̀) sí, ìdá mélòó ni ọ́síjìn inú rẹ̀? Ìdá 5 nínú 100 sàn ju 20 lọ, torí ọ́síjìn inú ilé ọmọ ò tó ti afẹ́fẹ́ ìta.

Tí ọkọ yín bá ń mu sìgá, ẹ jẹ́ kó jáwọ́ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú. Àtọ̀ tuntun ń gba bí ọjọ́ 74 kó tó gbó.