Ẹni tó rán ni níṣẹ́ àti iṣẹ́ ẹrú: ṣé òwe méjèèjì tako ara wọn?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí: àwọn àgbà ní "Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún." Àwọn náà ló tún ní "Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ." Èwo ni ká mú? Ṣé ká sọ ọ̀rọ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu ẹni tó rán wa ni, àbí ká tún un sọ?

Méjèèjì la ó mú. Àyà ìránṣẹ́ ni òwe àkọ́kọ́ ń bá wí: má gé iṣẹ́ kù nítorí ojú ẹni tí ò ń lọ bá. Ẹnu rẹ̀ ni èkejì ń bá wí: ìbínú tí wọ́n fi rán ọ kì í ṣe ara iṣẹ́ náà.

Ẹ wo ẹ̀gbọ́n kan tó rán àbúrò rẹ̀ sí káfíńtà: "Lọ sọ fún olójúkòkòrò yẹn pé bí ilẹ̀kùn mi ò bá dé lọ́jọ́ Sátidé, kó dá owó mi padà. Olè ni!" Ohun mẹ́ta ló wà nínú iṣẹ́ yìí: ilẹ̀kùn, ọjọ́ Sátidé, owó. Èébú tó kù, ilé ló yẹ kó wà. Ọmọlúàbí á débẹ̀, á kí i kú iṣẹ́, á ní: "Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kí yín. Wọ́n ní bí ilẹ̀kùn ò bá tíì ṣe tán títí di Sátidé, kí ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá owó wọn padà." Kò sí ohun tó já bọ́ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á débẹ̀, ojú á tì wọ́n, wọ́n á ní "Wọ́n ní kí ẹ má gbàgbé ilẹ̀kùn o." Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ Sátidé ti sọnù, owó ti sọnù. Bí ẹ̀gbọ́n bá dé lọ́jọ́ náà láti gba owó rẹ̀, káfíńtà á búra pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún òun, òótọ́ ló sì sọ. Ìbẹ̀rù nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ. Ní tèmi, ó burú ju ti ẹni tó lọ bú káfíńtà lọ, nítorí ẹni tó bú u ṣáà jẹ́ iṣẹ́.

Àwọn oníwàásù fẹ́ràn òwe àkọ́kọ́, Jónà tó sá fún Nínéfè ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Nátánì ló mú òwe méjèèjì ṣẹ. Nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 12, Ọlọ́run rán an sí Dáfídì ọba tó gba aya Ùráyà. Ó fi ìtàn olówó tó gba ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo lọ́wọ́ tálákà bẹ̀rẹ̀, títí ọba fi fi ẹnu ara rẹ̀ dájọ́. Ìgbà náà ló ní: "Ìwọ ni ọkùnrin náà." Kò bú ọba, kò sì gbé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan mì.

"Ẹrú" inú òwe kejì kì í ṣe ipò ìránṣẹ́. Láyé Ọ̀yọ́ Ilé, ẹrú ọba làwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin, tí wọ́n máa ń fá ìlàjì orí wọn, síbẹ̀ tọba tìjòyè ìlú tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ ló ń bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí ẹni tó rán wọn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rán ni níṣẹ́ ni òwe náà ń sọ.

Ẹ ṣọ́ ibi tí ẹ ó ti pa á o. Bí ẹ bá pa á lójú ẹni tó rán yín, ẹ ti sọ fún un pé ó fi yín ṣe ẹrú. Ẹni tó ń gba ìránṣẹ́ nímọ̀ràn ní kọ̀rọ̀ ló ni ín. Ọmọdé tó bá sì fẹ́ pa á láàárín àgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní "Tótó ó ṣe bí òwe," káwọn àgbà lè dá a lóhùn pé "O ó rí òmíràn pa."

Bí a bá ń jábọ̀ náà, ìlànà kan náà ni. Bí káfíńtà bá fi ìbínú dáhùn pé òun ò lè parí ilẹ̀kùn ṣáájú ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé ni kí ẹ gbé délé.