Èsì: Lẹ́tà rélùwéè lórí wíwọkọ̀ láìní tíkẹ́ẹ̀tì

Rárá o, ẹ má dákẹ́. Ẹ ní wọ́n bá yín nínú ọkọ̀ ojú irin ní England láìní tíkẹ́ẹ̀tì, pé lẹ́tà iléeṣẹ́ rélùwéè ti wá dé tó ní kí ẹ ṣàlàyé, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ kàn dákẹ́. Ìyẹn kì í ṣe penalty fare, ìyẹn owó ìtanràn ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, o. £100 pẹ̀lú owó ọkọ̀ àlọ ni penalty fare. Ẹni tó bá tètè san án láàárín ọjọ́ 21, £100 yẹn á di £50. Lẹ́tà tiyín fi hàn pé wọ́n ń rò ó bóyá kí wọ́n gbé yín lọ sí kóòtù.

Òfin méjì ni wọ́n lè fi pè yín lẹ́jọ́. Òfin rélùwéè ọdún 1889 ń béèrè ẹ̀rí pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ jẹ owó ọkọ̀ ni. Byelaw 18, ìyẹn ìlànà rélùwéè lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ò bìkítà, ẹ ò báà gbàgbé.

Ẹ fèsì kí gbèdéke wọn tó pé. Ẹ kọ nọ́ńbà orí lẹ́tà náà, ẹ sọ òótọ́ ní ṣókí, ẹ tọrọ àforíjì, kí ẹ ní ẹ ṣe tán láti san owó ọkọ̀ àti ìnáwó wọn. Kì í ṣe dandan kí wọ́n gbà. Irọ́ ló máa ń bà á jẹ́ jù: wọ́n lè yẹ àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti rà lórí áàpù wò. Tí ẹ bá kó kúrò nílé, ẹ tètè sọ fún wọn, torí kóòtù lè dájọ́ lẹ́yìn yín.