Onílé Mẹ́ta Ní Àwọn Ò Gba Ológbò: Ṣé Kí N Gbé E Wọlé Lóru Ni?

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù méjì ló kù kí n kó kúrò nílé tí mò ń gbé, torí onílé fẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Mo ní ológbò kan, akọ ni, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, kì í jáde síta. Onílé mẹ́ta ni mo ti bá sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti dárúkọ ológbò báyìí, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ilé kẹrin ló wù mí jù. Alábòójútó ibẹ̀ ní kí n má sọ fún ọ̀gá òun rárá, kí n ṣáà gbé e wọlé lóru, torí ọ̀gá kì í yọjú síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n kúkú fi ológbò náà ta ẹnìkan lọ́rẹ. Oorun ò kùn mí mọ́. Kí ni kí n ṣe?*
*Ayálégbé tí ọ̀rọ̀ sú*

Àbúrò mi, má gbé e wọlé lóru. Má sì tíì fi í ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Tún lẹ́tà tí o kọ kà: kò sẹ́ni tó tíì bi onílé kẹrin léèrè. Alábòójútó ló sọ̀rọ̀, òun náà ò sì sọ pé ọ̀gá òun ò fẹ́ ológbò; ó kàn ní kí o má sọ ni. Ilé yẹn ò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Àmọ́ má fi ẹnu alábòójútó ṣe àdéhùn. Lọ́jọ́ tí ẹni tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe bá rí ológbò, tàbí tí aládùúgbò bá fẹjọ́ sùn, òun ni yóò kọ́kọ́ búra pé òun ò mọ nǹkan kan. Orúkọ tìrẹ ló wà nínú ìwé. Bí ìwé bá ní ẹranko ò gbọdọ̀ wọlé, o ti rú àdéhùn nìyẹn: onílé lè ní kí o gbé e kúrò, ó lè fi ṣe ẹ̀sùn láti lé ọ jáde, ó sì lè di owó ìdógò rẹ mú. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń fi ológbò pamọ́ kì í lè pe oníṣẹ́ wá tún nǹkan ṣe, kì í lè ta nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé, kì í sì í rí ìwé ẹ̀rí rere gbà lọ́wọ́ onílé nígbà tó bá ń lọ. Ìwé ẹ̀rí yẹn gan-an ni yóò ṣílẹ̀kùn ilé tó kàn fún ọ.

Nígbà tí o bá sọ fún onílé pé o ní ológbò, òórùn ìtọ̀ ló ń rò, àti ilẹ̀kùn tí èékánná ti họ, àti yọ̀rọ̀ tí yóò kù sílẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀. Àwọn onílé mẹ́ta tó kọ̀ ò rí ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ rẹ tó fi hàn pé ti tìrẹ yàtọ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtọ̀ ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. O ò sọ bóyá o ti tẹ ológbò rẹ lọ́dàá. Bí o ò bá tíì ṣe é, mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́sẹ̀ yìí, má dúró di ọ̀sẹ̀ tí o máa kó ẹrù. Akọ tí a ò tẹ̀ lọ́dàá a máa tọ̀ sára ògiri àti ẹsẹ̀ àga láti fi sààmì sí ààyè rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ sì máa ń rùn ju ti èyí tí a ti tẹ̀ lọ. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin kò pẹ́ jù. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí agbára akọ tó rọlẹ̀ lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o yára. Gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ abẹ náà lọ́wọ́ dókítà.

Àpótí iyanrìn méjì ni kí o ní fún ológbò kan. Ìlànà rẹ̀ ni pé iye ológbò, kí o fi ọ̀kan lé e. Kí àpótí náà gùn tó ìlọ́po kan ààbọ̀ ara rẹ̀, láti imú dé ìdí ìrù. Iyanrìn tó ga tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí méje ti tó. Kó ìgbẹ́ àti ìtọ̀ kúrò lójoojúmọ́, má sì gbé àpótí sítòsí ibi tó ti ń jẹun. Èyí tó pọ̀ jù nínú ológbò tó ń tọ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àpótí ẹlẹ́gbin tàbí èyí tó kéré jù ni wọ́n ń sá fún, bí kì í bá ṣe àìsàn.

Bí ó bá ti tọ̀ sílẹ̀ níbi tí o wà báyìí, tún un ṣe kí onílé tó wá wò ó. Ásíìdì kan wà nínú ìtọ̀ ológbò tó máa ń dì bí iyọ̀, omi àti ọṣẹ lásán kì í tú u. Ìdí nìyẹn tí ibi tí o rò pé o ti fọ̀ fi máa ń tún rùn nígbà tí ọ̀rinrin bá wà nínú afẹ́fẹ́. Ra èròjà ìfọ̀dọ̀tí tó ní ẹ́ńsáìmù nínú, ìyẹn èròjà tó máa ń tú ìdọ̀tí ká, dà á síbẹ̀ títí yóò fi rìn dé ibi tí ìtọ̀ rìn dé, títí kan ìsàlẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì. Jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ìgò, fi aṣọ fà á mu, kí o wá jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Má lo ohunkóhun tó ní amóníà nínú, torí bí ìtọ̀ ló ṣe máa ń rùn sí ológbò, á sì tún padà síbẹ̀. Má da bílíìṣì lé ìtọ̀ lórí láéláé; afẹ́fẹ́ olóró ló ń tinú rẹ̀ jáde.

Ti èékánná rọrùn díẹ̀. Ológbò gbọ́dọ̀ họ nǹkan, ara dídá rẹ̀ ni. Ohun tí yóò họ nìkan ni o lè yàn fún un. Wá òpó tí wọ́n fi okùn líle wé, kó ga tó àádọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà kó lè na gbogbo ara rẹ̀ sí i, kí ìdí rẹ̀ sì wúwo. Òpó tó bá mì lẹ́ẹ̀kan, kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Gbé e sítòsí ibi tó ń sùn, torí bó bá ti jí ló máa ń fẹ́ họ nǹkan. Gé ṣóńṣó èékánná rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Bí onílé kan bá sì ní kí o yọ gbogbo èékánná rẹ̀ kí òun tó gbà, fi ilé náà sílẹ̀ fún un. Egungun ìkẹyìn ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gé nínú iṣẹ́ abẹ yẹn, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ti fòfin dè é. Ẹsẹ̀ lè máa dun ológbò náà débi tí kò ní fẹ́ tẹ iyanrìn mọ́, ìtọ̀ tí onílé ń sá fún á wá máa bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ní báyìí, kó ẹ̀rí jọ sójú ìwé kan ṣoṣo: fọ́tò ológbò náà, ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ti dìgbòlugi kẹ́yìn, oògùn yọ̀rọ̀ tí o ń fún un, nọ́ńbà ṣíìpù ìdánimọ̀ rẹ̀ (ohun kékeré tí dókítà máa ń fi sábẹ́ awọ ẹranko) bó bá ní, àti nọ́ńbà dókítà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ bá onílé rẹ lọ́sẹ̀ yìí. Ọmọ rẹ̀ ló ń gba ilé, kì í ṣe pé o ṣẹ̀ ẹ́, nítorí náà ara á yá a láti ràn ọ́ lọ́wọ́. Jẹ́ kó wọlé wò ó kí ẹrù tó dà rú, kó rí ilẹ̀kùn àti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì kọ ìlà mẹ́ta: iye ọdún tí o ti gbé níbẹ̀, pé ológbò wà pẹ̀lú rẹ, pé kò ba nǹkan kan jẹ́.

Gba nọ́ńbà onílé kẹrin, kí o kọ̀wé sí i tààrà. Má fi ológbò ṣáájú, má sì fi pamọ́ di ìgbà tí o bá sanwó tán. Bí irú èyí:

“Ẹ kú ọjọ́ o, sà. Mo rí ilé yín, ó sì wù mí gan-an. Iṣẹ́ báyìí ni mò ń ṣe, èmi nìkan ni màá gbé ibẹ̀, mi ò sì jẹ owó ilé rí. Mo ní ológbò kan tí kì í jáde síta. A ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ó sì ti gba abẹ́rẹ́. Ìwé ẹ̀rí onílé mi àti ti dókítà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ lè wá wo ilé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, màá sì fọ gbogbo rẹ̀ mọ́ nígbà tí mo bá ń kó jáde. Ìgbà wo ni mo lè wá wò ó?”

Ohun tó bá jẹ́ òótọ́ nípa rẹ nìkan ni kí o kọ, má sì fi ẹ̀bẹ̀ kún un. Bó bá kọ̀, bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù gan-an. Ìdáhùn rẹ̀ lè jẹ́ ohun tí o ní àtúnṣe fún.

Má ṣíwọ́ wíwá àwọn ilé mìíràn o. Ilé tí a kọ “a ò gba ẹranko” sí lára ṣì ṣeé béèrè, torí ajá ni ọ̀pọ̀ onílé ń rò nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Ilé tó ti ṣófo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, onílé ibẹ̀ sábà máa ń fetí sílẹ̀ ju ẹni tí èèyàn mẹ́wàá ń lé ilé rẹ̀ lọ. Ilé tí wọ́n tẹ́ táìlì sí ilẹ̀ rẹ̀ dára jù fún ìwọ àti onílé. Bó bá jẹ́ ilé alájà púpọ̀ tó ní ẹgbẹ́ onílé, béèrè òfin ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú, torí onílé tìrẹ lè gbà kí ẹgbẹ́ kọ̀. Bá dókítà ẹranko sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ó lè mọ ayálégbé mìíràn tó ní ẹranko, tí onílé rẹ̀ ní ilé tó ṣófo.

Bí o bá lọ wo ilé, tẹ̀ ba kí o gbóòórùn igun yàrá àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí ológbò ẹlòmíràn bá ti tọ̀ síbẹ̀ rí, tìrẹ lè tọ̀ lé e lórí, ìwọ ni wọn yóò sì ní kí o san owó rẹ̀. Wo fèrèsé. Ológbò máa ń já bọ́ láti òkè, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò sì lè gbé e dúró; o máa nílò nẹ́ẹ̀tì onírin. Béèrè bóyá wọ́n ń dẹ májèlé eku nínú ọgbà.

Bí onílé bá gbà, kó wà nínú ìwé: “Onílé gba ayálégbé láàyè láti tọ́jú ológbò kan nínú ilé yìí fún gbogbo àsìkò àdéhùn.” Kọ àwọ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀ sí i. Kí o wá ka ìwé náà tán, torí ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ sábà máa ń ní ìlà kan níwájú tó sọ pé ẹranko kò gbọdọ̀ wọlé. Kí ẹ fagi lé ìlà yẹn, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá ní kí o fi owó kún owó ìdógò nítorí ológbò, kọ́kọ́ wádìí bóyá òfin ibi tí o wà gba irú owó bẹ́ẹ̀, kó sì wà nínú ìwé pé owó náà á padà sọ́wọ́ rẹ bí nǹkan ò bá bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí o gba kọ́kọ́rọ́, ya fọ́tò gbogbo ilẹ̀kùn, férémù àti igun ilẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí onílé lọ́jọ́ náà gan-an, kí déètì wà lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ kò ní ìtumọ̀ àyàfi bó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ilé ò tíì jáde. Nígbà náà pàápàá, bẹ ẹni tí o fọkàn tán kó bá ọ tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí o máa ra oúnjẹ àti iyanrìn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ológbò rẹ ni. Má gbé e fún àjèjì, má sì tú u sílẹ̀ níta; ológbò inú ilé ò mọ bí wọ́n ṣe ń wá oúnjẹ.

Gbé àgò tí o máa fi gbé e sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kó máa wọ inú rẹ̀ sùn. Ní ilé tuntun, fi í sí yàrá kan ṣoṣo fún ọjọ́ mélòó kan, pẹ̀lú iyanrìn, omi àti aṣọ ìsùn rẹ̀ tí o ò tíì fọ̀, kí òórùn ara rẹ̀ wà níbẹ̀. Bó bá ní ṣíìpù, yí àdírẹ́sì tí o fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ padà. Kí o sì máa wo bó ṣe ń tọ̀, torí ìdààmú kíkó ilé a máa dá àìsàn àpòòtọ̀ sílẹ̀ lára akọ ológbò. Bó bá ń lọ sórí iyanrìn léraléra, tó ń ké, tí ìtọ̀ ò jáde, ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ti lè dí, ìyẹn sì lè pa á láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ní wákàtí yẹn gan-an, ì báà jẹ́ lóru.