Ṣé Kí A Fi Orúkọ Wa Sí Àyà Jẹ́sì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Omi inú ọ̀rá ni a ń ṣe ní Adó-Èkìtì. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní kí a ṣe onígbọ̀wọ́ àwọn fún sáà kan, kí orúkọ wa wà láyà jẹ́sì wọn. Inú ọ̀gá wa ti dùn, ṣùgbọ́n èmi tí mo ń tọ́jú owó kò tíì rí èrè tó wà níbẹ̀. Báwo ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe ń pinnu irú ọ̀rọ̀ yìí? — Akápò, Adó-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Akápò, ẹ kú àmójútó. Ilé-iṣẹ́ tó bá mọ̀ ọ́n ṣe máa ń kọ́kọ́ béèrè bóyá àwọn tó ń wo ẹgbẹ́ náà ni yóò ra ọjà òun. Láti ọdún 2010 ni orúkọ báńkì Standard Chartered ti wà láyà jẹ́sì Liverpool, bẹ́ẹ̀ Éṣíà àti Áfíríkà ni iṣẹ́ báńkì náà ti gbilẹ̀ jù, níbi tí àwọn olólùfẹ́ Liverpool ti kún fọ́fọ́. Ti Chevrolet tó ń ṣe ọkọ̀ yàtọ̀. Ní 2012 ni wọ́n bá Manchester United ṣe àdéhùn ọdún méje tí owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 500 dọ́là, ọ̀gá ẹ̀ka ìpolówó tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lásìkò tí wọ́n kéde rẹ̀. Nígbà tí jẹ́sì náà yóò fi jáde ní 2014, ilé-iṣẹ́ náà ti sọ pé òun yóò kó ọkọ̀ òun kúrò ní ọ̀pọ̀ ọjà Yúróòpù. Wọ́n ní ọjà Ṣáínà ni àwọn ń fojú sí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọ̀hún pọ̀ lójú mi.

Ní tiyín, ẹ wo ibi tí ọkọ̀ yín ń gbé omi dé. Bí kò bá kọjá Ìkẹ́rẹ́ àti Ìyìn, kò sí ẹni tí yóò tìtorí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá ní Kánò ra omi lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹni tí oòrùn ń pa ní pápá ìṣeré Olúyẹmí Káyọ̀dé, tí ìdíje ku ogún ìṣẹ́jú, ohun tó bá sún mọ́ ọn ni yóò mu. Nítorí náà, kí ẹ tó dá sí ọ̀rọ̀ jẹ́sì, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn ní kíkọ sílẹ̀ pé omi tiyín nìkan ni wọn yóò máa tà nínú pápá nígbàkúùgbà tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù nílé. Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ fi ojú ara yín ka èrò tó wà níjòókòó. Ẹ tún ya owó ìpolówó orí rédíò sọ́tọ̀, torí orúkọ láyà jẹ́sì nìkan kì í dá ọjà tà.

Ìdùnnú ọ̀gá yín, a kì í kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò owó. Bí ẹgbẹ́ náà bá sì fara mọ́ ọ̀rọ̀ omi títà yìí, ẹ san owó náà ní ìgbà mẹ́ta, kí ó wà nínú àdéhùn pé bí ẹgbẹ́ náà bá já sí ìpele ìsàlẹ̀, tàbí tí líìgì bá dáwọ́ dúró láàárín sáà, èyí tó kù kò ní jáde.