Èékánná bàbá mi

Àbúrò, o ní wọn ò tíì bí ọ nígbà ìjọba ológun Abacha, o sì béèrè ohun tí a ṣì ń wá nínú owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ ìjọba, nígbà tí àwọn tó jìyà nígbà náà ti kú tán. Bàbá mi wà lára wọn, jẹ́ kí n dá ọ lóhùn.

Òǹtẹ̀wé ni, ní Ṣómólú. Lọ́dún 1995, wọ́n bá ìwé ìròyìn tí ìjọba ò fẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òru ni wọ́n wá mú un, wọ́n sì kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Oṣù méje la ò gbúròó rẹ̀. Ọjọ́ tó dé, ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Láti kékeré mi, tàdáwà kì í kúrò ní èékánná bàbá mi. Ìyá mi á fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ títí, kò ní lọ. Lọ́jọ́ yẹn, èékánná rẹ̀ mọ́ tónítóní bíi ti àlejò. Bí mọ́tò bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, á dìde nídìí oúnjẹ. Kò tẹ̀wé mọ́ títí tó fi kú lọ́dún 1997.

Nígbà tí Ọbásanjọ́ gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Oputa kalẹ̀ lọ́dún 1999 láti gbọ́ ẹ̀sùn àwọn tí ìjọba fìyà jẹ, mo ní ká kọ̀wé sí wọn. Àwọn ẹbí ní ká fi ìjà fún Ọlọ́run jà. A ò kọ ọ́. Ìwé ẹ̀sùn tó dé ọ̀dọ̀ wọn lé ní 10,000, nǹkan bí 200 ni wọ́n gbọ́ ní gbangba. Babangida, tó ti ṣe olórí ìjọba ológun rí, ò yọjú, ó gba ilé ẹjọ́ lọ, ìjọba ò sì gbé àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà jáde fún aráàlú. Síbẹ̀, ó ń dùn mí di òní pé a ò kọ̀wé. Ẹni tó kọ̀wé, orúkọ èèyàn rẹ̀ wà níbì kan.

Òótọ́ ni pé owó tí Abacha kó pamọ́ ń padà wálé. Lọ́dún 2020, ó lé ní 300 mílíọ̀nù dọ́là tó dé, títì Èkó sí Ìbàdàn sì wà lára ohun tí wọ́n ní àwọn máa fi ṣe. Mò ń gba títì yẹn. Ṣùgbọ́n owó ìlú ni wọ́n dá padà fún ìlú. Ẹ̀rọ bàbá mi ńkọ́?

Ní June 12, 2018, Buhari fi GCFR, oyè tó ga jù lọ nílẹ̀ wa, dá olóògbé MKO Abíọ́lá lọ́lá, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀ lórúkọ ìjọba. Ìyá mi ń wo tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n dárúkọ oyè, kò mira. Àforíjì yẹn ló gbọ́ tó bú sẹ́kún. Ó ní, “Ṣé wọ́n kúkú lè sọ ọ́ báyìí?”

Bí owó bá dé lónìí, màá gbà á. Ìyá mi jẹ gbèsè lórí ilé ẹ̀kọ́ wa. Àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ bàbá mi, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Láìsí ìyẹn, owó ìpanumọ́ ni mo kà á sí.

Bí irú rẹ̀ bá wà nílé tiyín, jókòó ti àwọn àgbà, kọ ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Èṣí ni mo kọ ti bàbá mi, ojú ewé mẹ́rin. Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ kà á fún. Ó gbọ́ ọ dópin, ó ní mi ò fi ti kẹrosíìnì sí i. Mo padà kọ ọ́ sí i.